Oko tí a Gbìn fún Ẹran Ìgbẹ́: Ọdẹ, Àgbọ̀nrín àti Àkùrọ̀ ní Ilẹ̀ Yewa

Láti Ìlaró dé Ayétòrò, àti láti ibẹ̀ dé Ìmẹ̀kọ àti ẹnu ibodè tó ya Nàìjíríà kúrò lára orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ ọdẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ iṣẹ́ méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ẹni tó ń kọ ebè lówùúrọ̀ ni ó sábà máa ń gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká lálẹ́, oko rẹ̀ sì ni ibi àkọ́kọ́ tí yóò ti wá ẹran. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé ni oko tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbìn kí ẹran ìgbẹ́ lè wá jẹ ẹ́, yálà nítorí kí ọdẹ lè rí ẹran pa níbẹ̀ ni tàbí nítorí kí ẹran lè pọ̀ sí i ní àdúgbò. Èrò tí yóò gbé kalẹ̀ ni pé irú oko bẹ́ẹ̀ bá ilẹ̀ Yewa mu, pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àǹfààní rẹ̀ pọ̀ jù, àti pé ìbọn kò gbọdọ̀ dún níbẹ̀ rárá àfi bí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú bá ti fẹnu kò lórí iye ẹran tí wọn yóò pa.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù lóde òní. Ẹran tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń gbin nǹkan fún jẹ́ ẹran ìwo-ẹlẹ́ka kan tí abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ẹranko ń jẹ́ Odocoileus virginianus. Bí ìgbà ooru bá ń parí lọ, wọn a ro ilẹ̀ kékeré lẹ́bàá igbó, wọn a da ẹfun lílọ̀ sí i láti pa kíkan ilẹ̀ náà, wọn a sì gbin clover, èyí tí ó jẹ́ ewéko kékeré kan láti inú ìdílé ẹ̀wà, tàbí àwọn ẹ̀fọ́ tó bá kábéèjì tan, kí ewé tútù lè wà nílẹ̀ nígbà tí òtútù bá ti pa ewé igbó. Òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ṣe ìyàtọ̀ láàrin irúgbìn tó ń dàgbà lórí ilẹ̀ àti àgbàdo gbígbẹ tí ọdẹ kàn dà sílẹ̀ bí ìjẹ, ìyẹn oúnjẹ tí a fi ń tan ẹran wá síwájú ìbọn tàbí sínú tàkúté. Wọ́n fi àyè gba ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ka èkejì léèwọ̀. Ìdí pàtàkì kan fún èyí ni àrùn, torí pé bí ẹran púpọ̀ bá ń ki ẹnu bọ ojú kan náà, itọ́ àti ìgbẹ́ wọn a máa dàpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà ṣe ń là fún àrùn ọpọlọ kan tó ń mú kí ẹran rù títí yóò fi kú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí ní ìpínlẹ̀ Colorado lọ́dún 1967. Ìyàtọ̀ tí òfin náà ṣe yẹ ní mímú wá sí ilẹ̀ Yewa pẹ̀lú, nítorí pé ewé tó ń hù káàkiri odindi oko kì í kó ẹran jọ sójú kan bí òkìtì àgbàdo ti ń kó wọn jọ.

Ṣùgbọ́n ẹran ilẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwo ti Amẹ́ríkà yẹn jẹ́ egungun tó ń yọ ẹ̀ka, tó ń já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù rọ́pò rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín Yewa kì í yọ ẹ̀ka, kì í sì í já títí ẹran náà yóò fi kú, nítorí pé inú ìdílé tí màlúù àti ewúrẹ́ wà ni òun náà wà. Ní gbogbo Áfíríkà, apá àríwá, ní Àlùjíríà àti Tùnísíà, nìkan ni ẹran ìdílé ti Amẹ́ríkà ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Àgbọ̀nrín tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń sọ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìgalà, ni Tragelaphus scriptus, ẹran aláwọ̀ pupa tí ìlà àti àmì funfun wà lára rẹ̀, tó fẹ́ràn láti máa dá rìn, tó ń fara pamọ́ sínú igbó dídí lọ́sàn-án, tó sì ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, lóru àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ewé, ọ̀mùnú igi, òdòdó àti èso tó já bọ́ ni ó ń jẹ jù. Koríko kò kó ipa tó bẹ́ẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ jìnnà sí omi àti sí ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Ẹtu, tó kéré sí i, sún mọ́ ọn nínú ìwà. Ọ̀yà ní tirẹ̀ jẹ́ ẹran tí eyín rẹ̀ dà bíi ti eku, koríko líle bí eèsún ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàdo, ìrèké àti ẹ̀gẹ́ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò gbin oko fún ẹran ní láti kọ́kọ́ mọ èyí tí òun ń pè wá nínú wọn, nítorí pé oko tó wu ọ̀yà lè má wu àgbọ̀nrín.

Pé oúnjẹ ni ó ń mú ẹran wá kò ṣàjèjì sí ọdẹ Yorùbá kankan. Nígbà tí ìyeyè bá ń já bọ́ láàrin òjò, ọdẹ a máa gun igi lọ lúgọ sí ìtòsí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹran yóò wá ṣa èso náà jẹ. Bí wọ́n bá sun igbó ọ̀dàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀mùnú tútù bá ń rú jáde láti inú eérú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọdẹ a tún padà síbẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin ilá àti ẹ̀wà sí ẹ̀bá igbó mọ̀ pé bí ewé wọn bá ti ń pọ̀, ẹtu àti àgbọ̀nrín yóò wá jẹ ẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí oko ká, tí yóò sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà náà, tí yóò dẹ tàkúté sẹ́nu àlàfo kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ nípa ìgbé-ayé ènìyàn kan, Olga Linares, kọ̀wé lọ́dún 1976 nípa irú nǹkan báyìí ní orílẹ̀-èdè Panama, níbi tí egungun ẹran tí wọ́n wú jáde láti inú ilẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí fún un pé àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́ kò nílò láti rin ìrìn-àjò ọdẹ jíjìn, nítorí inú oko wọn ni ẹran ti ń wá bá wọn. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ Yewa nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú oko tí à ń sọ ni èrò ọkàn ẹni tó gbìn ín: olè ni ẹran jẹ́ nínú oko ẹ̀wà ọjà, ṣùgbọ́n àlejò tí a pè ni nínú oko yìí, ìtọ́jú tó bá sì yẹ àlejò ni ó yẹ kí ó rí gbà kí ẹnikẹ́ni tó ronú ẹran inú ọbẹ̀.

Ọdẹ ti ní ipò nínú ìtàn agbègbè yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìtàn Kétu tí wọ́n ń pa láti ìran dé ìran, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Alálúmọ̀n, tó mọ inú igbó, ni ó ṣáájú Ọba Èdè dé ibi tí ìlú náà wà títí dòní. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kó Kétu lọ́dún 1886, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì ṣe lọ́dún 1889 pín ilẹ̀ náà, tó fi jẹ́ pé Kétu bọ́ sí apá Faransé tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Igbó tí ẹran ń rìn nínú rẹ̀ kò mọ ààlà yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ya igbó sọ́tọ̀ ní Ìlaró, Ẹ̀gùá, Ohunbẹ àti Aworo, tí wọ́n sì ya igbó àwọn ẹranko sọ́tọ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Lónìí, igi tíìkì ni ó gba ibi púpọ̀ nínú àwọn igbó ọba wọ̀nyí, abẹ́ tíìkì sì ṣófo, kò sí ewéko tó tó jẹ níbẹ̀ fún ẹran tó ń jẹ ọ̀mùnú. Oko ẹ̀gẹ́ ńláńlá, gígé igi fún èédú, àti ìwakùsà fún sìmẹ́ńtì, pàápàá láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Ibeṣe ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2012, ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí igbó wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹran yóò sùn sí ṣì wà ní etídò àti láàrin ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láti sinmi. Oúnjẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dín kù jù.

Ètò oko náà gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òtútù ni ó ń fa ìyàn fún ẹran. Ní Yewa, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí Kẹrin, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó tún ń padà títí di oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn èyí tí ilẹ̀ yóò gbẹ títí di oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti oṣù Kẹrin sí Kẹwàá, ewé tútù wà níbi gbogbo, kò sì sí ìdí tí àgbọ̀nrín yóò fi dá oko ẹnikẹ́ni yàn láàyò. Nítorí náà, irúgbìn tó bá tutù ní oṣù Kejìlá, Kìíní àti Kejì ni ó níye lórí, ilẹ̀ tó sì lè gbé irú rẹ̀ dúró ni àkùrọ̀, ìyẹn ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí omi kì í tán nínú rẹ̀ bí òjò bá ti lọ, irú èyí tó wà lẹ́bàá odò Yewa àti àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀dùnkún ni ó dára jù fún àkùrọ̀: bí wọ́n bá gbin ìtàkùn rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí omi bá ti fà, yóò bo ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó mú gan-an, ewé rẹ̀ a sì tún máa rú lẹ́yìn tí ẹran bá ti jẹ ẹ́.

Lórí ilẹ̀ òkè, òtìlì ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Irúgbìn yìí, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ mọ́ àfi bí ìyá àgbà bá sè é, ní gbòǹgbò tó lọ sísàlẹ̀ gan-an, ó lè wà nílẹ̀ ju ọdún kan lọ, ewé rẹ̀ kì í sì í tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá gbìn ín pẹ̀lú òjò àkọ́kọ́, yóò ti ga tó ènìyàn kí òjò tó lọ, yóò wá fún ẹran ní ewé, òdòdó àti pódi lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tún fún un ní ibi ìfarapamọ́. Òun àti ẹ̀wà a máa fa afẹ́fẹ́ naitrójìn wọ inú ilẹ̀ nípasẹ̀ àwọn kòkòrò àìrí tó wà nínú gbòǹgbò wọn, èyí tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ kì í ṣá lábẹ́ wọn. Ẹ̀wà tó ń fà nílẹ̀ ni wọ́n lè gbìn sáàárín òtìlì ní ìparí oṣù Kẹjọ, kí ewé rẹ̀ lè wà ní tútù nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Igi àgúnmaníyè ní ẹ̀bá oko wúlò pẹ̀lú, nítorí ó ń rú lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, ṣùgbọ́n ìyeyè ni ó yẹ kí gbogbo ọdẹ gbìn: ẹ̀ka rẹ̀ tí a gé rì mọ́lẹ̀ yóò hù, kò sì ní béèrè ìtọ́jú kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún tí yóò fi máa so. Ní ti ilẹ̀, dída ẹfun kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ Yewa bí ó ti kan ti Amẹ́ríkà. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà àti eérú ni yóò tó fún ibi púpọ̀, bí ó tilẹ̀ dára kí wọ́n gbé erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó náwó.

Bí oko náà ṣe rí ṣe pàtàkì tó ohun tí wọ́n gbìn. Àgbọ̀nrín kì í fẹ́ dúró ní gbangba, nítorí náà oko gígùn tóóró tó ń tẹ̀ lé etí igbó dára ju oko onígun mẹ́rin tó gbòòrò lọ, ìdajì éékà sì ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Igbó dídí gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí omi má sì jìnnà. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Imú àgbọ̀nrín ni ó fi ń mọ ọdẹ kí ojú rẹ̀ tó rí i, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yewa sì máa ń wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ní ìgbà òjò, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn lọ́wọ́ oṣù Kejìlá sí Kejì. Ẹni tó bá kan ibi ìjókòó sórí igi ní apá àríwá-ìlà-oòrùn oko nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà òjò yóò rí i pé òórùn òun náà ni ọyẹ́ ń gbé lọ bá ẹran ní oṣù Kìíní. Ibi ìjókòó méjì ni ó yẹ, ọ̀nà méjì ni ó sì yẹ kí wọ́n là dé ibẹ̀, kí ọdẹ má baà máa gba àárín oko kọjá. Ohun mìíràn tó rọrùn, tó sì wúlò púpọ̀, ni kí wọ́n fi igi ṣe àgò kékeré bo ojú ilẹ̀ kan nínú oko tí ẹran kò ní lè fẹnu kàn. Bí ewé inú àgò bá ga tí ti ìta rẹ̀ sì kúrú, a jẹ́ pé ẹran ń wá ní tòótọ́, bí méjèèjì bá sì ga bákan náà, kò sí ẹran tó ń jẹ níbẹ̀.

Ewu kò ṣàìsí. Oko tó tutù láàrin ẹ̀ẹ̀rùn kò ní fa àgbọ̀nrín nìkan. Màlúù pẹ̀lú yóò rí i, àwọn ará Yewa kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni rán wọn létí ìjà tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021 láàrin àwọn darandaran àti àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀gùá àti àyíká rẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn sá kọjá ibodè lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá irú oko yìí lẹ́bàá ọ̀nà màlúù. Eku àti ọ̀yà yóò wá, paramọ́lẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé wọn, nítorí náà bàtà gígùn àti iná kì í ṣe ohun ìgbéraga fún ọdẹ tó ń wọ ibẹ̀ lóru. Èyí tó burú jù ni ìbọn fúnra rẹ̀. Igbó ibodè kún fún ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn oníṣòwò, àwọn onífàyàwọ́ àti àwọn aṣọ́bodè ń gbà lóru, èyí sì pọ̀ sí i nígbà tí ìjọba ti ibodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ìbọn tí ọdẹ bá yìn sí ohun tó ń mì nínú òkùnkùn lè bá ọmọ ènìyàn. Oko tí a ṣètò dáadáa lè dín ewu yìí kù, bí wọ́n bá kan ibi ìjókòó sókè tí ẹnu ìbọn fi ń kọjú sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀yìn oko sí ibi tí kò sí ọ̀nà, tí gbogbo ìlú sì mọ ibi tó wà. Ìwé àṣẹ ìbọn tí òfin ọdún 1959 béèrè fún kò gbọdọ̀ ṣàìsí lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn ín.

Ọ̀ràn iye ẹran ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni àwọn tó ń polówó oko ẹran kì í fẹ́ dúró lé lórí. Oko kì í bí ẹran. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń pe àwọn tó wà ní àyíká jọ síwájú ìbọn. Bí ọdẹ bá sì pa wọ́n bí wọ́n ti ń dé, yóò rò pé ẹran ń pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó kù ní àdúgbò ni òun ń kó tán. Abo àgbọ̀nrín máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe bí ọ̀yà tí oyún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí oṣù márùn-ún tó sì lè bí ọmọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo àgbọ̀nrín mẹ́ta tó bá kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan lórí oko kan lè sọ odindi ipadò di ahoro fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ pé ní ọdún méjì àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìnbọn sí àgbọ̀nrín nínú oko náà. Ọ̀yà ni kí wọ́n máa pa, torí òun lè fara dà á. Lẹ́yìn náà, akọ nìkan ni kí wọ́n máa pa, èyí kò sì ṣòro láti mọ̀, nítorí abo àgbọ̀nrín kò ní ìwo. Ipasẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀ àkùrọ̀ ni ọdẹ àgbà yóò fi mọ iye ẹran tó ń wá. Ẹgbẹ́ tó bá lágbára lè so kámẹ́rà kékeré mọ́ igi kí wọ́n lè rí i pẹ̀lú ojú.

Òfin dídá ẹran sí yìí kò lè múlẹ̀ bí oko bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, nítorí ẹran tí ọdẹ kan dá sí lóru òní ni ọdẹ mìíràn lè pa lóru ọ̀la ní ìta oko. Olúọdẹ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ẹnu wọn lè ká gbogbo ìbọn ìlú. Wọ́n ti ń dá ẹjọ́ láàrin ọdẹ lórí ẹran tí ẹni méjì ta ní ìbọn kí ìjọba òyìnbó tó dé. Bí wọ́n bá sọ pé abo kò gbọdọ̀ kú ní ipadò kan, yóò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó wà lódìkejì ibodè fi hàn pé ìlú lè ní ìpín nínú ìtọ́jú ẹran, nítorí pé ní àyíká igbó Pendjari, àwọn ẹgbẹ́ abúlé ti gba apá kan nínú owó ọdẹ rí, wọ́n sì kópa nínú ìṣọ́ igbó náà. Ní orílẹ̀-èdè kan náà ni iṣẹ́ ọ̀yà sísìn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú ọdún 1980 sí 1989 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jámánì, ó sì ti dé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gúúsù Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran jíjẹ nìkan, ọ̀yà sísìn ni ó yẹ kí ó ṣe, nítorí ó yá jù, ó sì dá lójú jù. Oko ẹran ìgbẹ́ wà fún ìlú tó fẹ́ kí àgbọ̀nrín ṣì wà nínú igbó rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lónìí bá tó ìbọn gbé.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀. Kí àwọn olúọdẹ Ìlaró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ bá àwọn baálẹ̀ tó ni àkùrọ̀ sọ̀rọ̀ kí òjò tó lọ, kí wọ́n ya ìdajì éékà kan sọ́tọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbin ọ̀dùnkún àti òtìlì síbẹ̀, kí wọ́n sì kéde fún gbogbo ìlú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn sí àgbọ̀nrín níbẹ̀ fún ọdún méjì. Kí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ tó wà ní Ayétòrò, àti ẹ̀ka tó ń mójú tó igbó àti ẹranko ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ ka ipasẹ̀ ẹran níbẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa fi èsì rẹ̀ jẹ́ àwọn ọdẹ ní èdè Yorùbá. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni iṣẹ́ náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, oṣù Kọkànlá tó ń bọ̀ kò sì jìnnà.